Kí ẹ tó padà sábẹ́ igi yín: bí a ṣe ń mọ igi tó ti jẹrà nínú

Bí omi ti ń fà ní Májídùn, Ajégúnlẹ̀ àti àwọn àdúgbò etí ọ̀sà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀pọ̀ yín ti ń múra láti padà sílé. Ẹ ti ń ronú nípa ògiri, kànga àti ṣáláńgá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi igi inú ọgbà kún un: máńgòrò, furúùtù, tàbí igi ńlá tó ṣíji bo òrùlé. Ewé igi lè tutù yọ̀yọ̀, síbẹ̀ kí inú rẹ̀ ti jẹrà.

Ohun tí omi ń ṣe sí igi

Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ilẹ̀ ni gbòǹgbò fi ń mí. Bí omi bá dúró sórí ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, afẹ́fẹ́ yẹn á tán, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Olú á gba ojú ibi tó kú wọlé, á sì máa jẹ igi náà láti ìsàlẹ̀. Ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hàn lára ewé. Yàtọ̀ sí èyí, ilẹ̀ tó rọ̀ kì í di gbòǹgbò mú dáadáa; igi tó yè pàápàá lè wó bí ìjì bá dé.

Bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

1. Ẹ kọ́kọ́ wò ó láti òkèèrè. Ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ni? Ṣé ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ti sán tàbí ó gbé sókè? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má sún mọ́ ọn rárá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wo ìdí rẹ̀: olú tó le bí pákó, ihò, èèpo tó ń ṣí, omi dúdú tó ń ṣàn, tàbí ẹ̀bu igi tí kòkòrò ń tú jáde, àmì ni gbogbo wọn.

2. Ẹ fi òòlù onígi gbá a yípo. Igi tó le á dún kọ́kọ́kọ́. Èyí tó ṣófo á dún bí àgbá òfìfo.

3. Ẹ fi irin tín-ín-rín gún ibi tí ẹ fura sí. Bí irin bá wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni gún búrẹ́dì, ibẹ̀ ti jẹrà.

Ti ọ̀pẹ àti àgbọn yàtọ̀: orí wọn ni kí ẹ wò. Bí ọ̀dọ́ ewé àárín bá kú, igi náà ti kú nìyẹn.

Irinṣẹ́ àwọn amòye

Kì í ṣe gbogbo igi tó ṣófo ló ń wó; ọparun náà ṣófo, ó sì dúró. Bí ara tó kù ṣe nípọn tó ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn amòye ní ẹ̀rọ tó ń ti abẹ́rẹ́ gígùn wọ inú igi, tó sì ń wọn bí ó ṣe le tó. Wọ́n tún ní èyí tó ń rán ìró gba inú igi kọjá: ìró máa ń yá lára igi tó le, á sì falẹ̀ níbi tó ti jẹrà. Òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò ni ìdá kan nínú mẹ́ta: bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 láti àárín igi dé èèpo, ó yẹ kí ara tó le nípọn tó bíi 10.

Bí ẹ bá rí àmì

Ẹ má sùn ní yàrá tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé ṣeré tàbí kí ẹnikẹ́ni pàtẹ ọjà níbẹ̀. Bí igi bá fara ti wáyà iná, tàbí tó bá fẹ́ wó, ẹ pe 112 tàbí 767. Ẹ má gun un, ẹ má sì gé e fúnra yín. Ilé-iṣẹ́ LASPARK ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ igi ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ wọn kí ẹ tó gé igi. Ẹ má sì torí ẹ̀rù gé èyí tó yè: gbòǹgbò rẹ̀ ló ń di ilẹ̀ yín mú de omi ọdún tó ń bọ̀.

Omi ti ṣe tirẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí igi fi kún un. Olúwa yóò mú yín délé láyọ̀.