Ṣé o mọ̀? Ìpápánu orí iná igi ní Lọ́kọ́jà

Ní Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, igi gbígbẹ, òkúta mẹ́ta àti ohun tí odò àti oko bá pèsè ti tó fún ìpápánu.

• Ẹyín iná ló ń sun oúnjẹ jinná. Ọwọ́ iná a máa jó ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú nígbà tí inú ṣì tutù.

• Àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ló dùn jù ní sísun, nítorí ṣúgà inú rẹ̀ ń di sítáàṣì bí ó bá ti ń pẹ́ nílẹ̀.

• Àrọ̀ kò ní ìpẹ́. Iyọ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kí ara rẹ̀ má baà yọ̀ mọ́. Wọ́n á wá ká a, wọ́n á ki ìrù rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ó má baà tú lórí iná.

• Tèèpotèèpo ni wọ́n ń sun iṣu. Èèpo ló ń jó dípò iṣu. Wọ́n á fi ọ̀bẹ họ ọ́, wọ́n á sì fi epo pupa àti iyọ̀ jẹ ẹ́.

• Omi ni wọ́n fi ń pa iná náà pátápátá, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí igbó gbẹ.