Imí-Ọjọ́ inú Epo Rọ̀bì: Orúkọ Wo Ni Ó Yẹ Òrùka Rẹ̀?

Ní Móníyà àti ní àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, epo dísẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ń mu. Imí-ọjọ́ wà nínú epo náà. Èròjà yìí kò ṣàjèjì: àwọn àgbà ń pò ó mọ́ ọṣẹ làpálàpá, ó sì wà nínú ẹ̀tù ọdẹ. Olùkọ́ kò ní láti wá orúkọ tuntun fún un.

Orúkọ àwọn mólékù rẹ̀ ni ìṣòro. Nínú epo rọ̀bì, púpọ̀ nínú imí-ọjọ́ ń gbé inú òrùka. Èyí tí ó kéré jù ni tíófíìnì, tí Viktor Meyer, ará Jámánì, rí ní 1882 nínú bẹ́ńsíìnì tí a mú jáde láti inú ọ̀dà èédú. Átọ́mù kábọ̀nù mẹ́rin àti ti imí-ọjọ́ kan ni ó so kọ́ra yípo. Bí òrùka bẹ́ńsíìnì kan bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó di bẹnsotíófíìnì. Bí ó bá jẹ́ méjì, ó di dibẹnsotíófíìnì.

Orúkọ tí ó tọ́ka sí òórùn ni àwọn onímọ̀ ìgbàanì fún ìdílé bẹ́ńsíìnì, nítorí pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ nínú wọn ń ta sánsán. Ìtumọ̀ náà ti yí padà. Ohun tí ó ń sọ nísinsìnyí ni pé gbogbo òrùka náà jọ pín àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, èyí sì mú kí ó ṣòro láti fọ́. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ "olóòórùn" yóò mú kí ènìyàn máa fi imú díwọ̀n epo. Imú kò lè ka iye imí-ọjọ́ tí ó wà nínú òrùka. Ìgbà tí epo bá jó ni imí-ọjọ́ dàpọ̀ mọ́ ọ́síjìn, tí ó di afẹ́fẹ́ tí ń ta ọ̀fun, tí ó sì ń fún àyà.

Nítorí líle òrùka náà, ilé-iṣẹ́ ìfọpo ń fi háídírójìn, ooru àti ìfúnpá ńlá yọ imí-ọjọ́. Àwọn ọmọ dibẹnsotíófíìnì ni ó ń ṣagídí jù. Epo rọ̀bì Bonny Light kò ní púpọ̀, kò tó ìdá 0.2 nínú 100. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkè òkun ni a ti ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú dísẹ́ẹ̀lì wọ Nàìjíríà. Ní 2020, ECOWAS pinnu pé imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan lọ.

Nítorí náà, "olórùka àjọpín" ni ó bá ìdílé bẹ́ńsíìnì mu; "òrùka imí-ọjọ́" sì ni ti ìran tíófíìnì. "Olórùka" nìkan kò tó, nítorí pé òrùka mìíràn wà tí kò ní àjọpín. Àwọn orúkọ wọ̀nyí yé ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n sì yé ìyá tí ń yan gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.