Ìwẹ̀ Ìṣẹ́jú Méjì Lórí Òkìtì Yìnyín

Ẹ fojú inú wo ilé kan tí wọ́n kọ́ sórí yìnyín tó nípọn tó nǹkan bí 2,700 mítà. Ibi yòówù kí ẹ yíjú sí, omi dídì ni. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ẹni tó ń gbé inú ilé náà lè wẹ̀ lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú méjì péré sì ni omi fi máa ń dà lé e lórí nígbà kọ̀ọ̀kan. Aṣọ fífọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ṣé ahun ni àwọn tó ni ilé ni? Rárá o. Epo ni ọ̀rọ̀ wà.

Amundsen-Scott South Pole Station ni ilé tí mò ń sọ yìí, ibùdó ìwádìí tí Amẹ́ríkà kọ́ sí ìpẹ̀kun gúúsù ayé gan-an, ní Antarctica. Láti 1957 ni àwọn èèyàn ti ń lo ìgbà òtútù níbẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá wà lókè, wọ́n máa ń tó 150. Àmọ́ ní àárín oṣù kejì, bààlúù tó kẹ́yìn á gbéra, á wá ku nǹkan bí ogójì èèyàn. Kò tún sí bààlúù mọ́ títí di ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Oòrùn á wọ̀ ní oṣù kẹta, kò ní yọ títí di oṣù kẹsàn-án. Òtútù á lọ sí -60°C, ó sì ti dé -82.8°C rí, ní 1982. Nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, epo inú bààlúù á bẹ̀rẹ̀ sí í ki, kò ní lè ṣàn dáadáa mọ́. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn awakọ̀ òfurufú máa ń forí la òkùnkùn yẹn láti lọ gbé aláìsàn, bí wọ́n ṣe ṣe ní oṣù kẹfà 2016. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lóṣù karùn-ún, ohun tó wà nílẹ̀ náà ni wọ́n máa fi tún un ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí omi. Yíyọ́ yìnyín kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ká ní kìlógíráàmù yìnyín kan ti wà ní 0°C, tó kàn fẹ́ di omi báyìí. Ooru tó máa gbà kó tó yọ́ tán tó èyí tó lè gbé kìlógíráàmù omi kan láti 0°C dé 80°C, ìyẹn omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó! Lẹ́yìn gbogbo ooru yẹn, omi tútù ní 0°C náà ni ẹ máa bá níbẹ̀. Yìnyín South Pole kò sì tíì dé 0°C; nǹkan bí -50°C ló wà. Ẹ kọ́kọ́ ní láti fi ooru gbé e gòkè ná.

Níbo ni ooru ti ń wá? Láti inú epo. Níbo ni epo ti ń wá? Láti ibùdó McMurdo létí òkun. Bààlúù ló máa ń gbé òmíràn wá, katakata sì máa ń wọ́ ìyókù lórí yìnyín fún nǹkan bí 1,600 kìlómítà, ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tí mò ń sọ á yé ẹnikẹ́ni tí omi ti dá lẹ́nu ẹ̀rọ ilé rẹ̀ rí torí pé epo tán nínú jẹnẹrétọ̀.

Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń kó yìnyín dà sínú ẹ̀rọ kan tó ń yọ́ ọ. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó! Ní báyìí, kànga ni wọ́n ń lò. Ẹnjiníà kan ní iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, Rodriguez, ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Rodwell. Wọ́n á lu ihò sísàlẹ̀, wọ́n á da omi gbígbóná sí i, yìnyín ìsàlẹ̀ á yọ́, adágún omi á sì wà nínú yìnyín níbẹ̀. Wọ́n á máa fa omi sókè, wọ́n á mú díẹ̀ lò, wọ́n á tún èyí tó kù gbóná, wọ́n á dá a padà. Ooru tí ẹ̀rọ amúnáwá ń tú dànù ni wọ́n fi ń mú un gbóná, torí náà epo kan ṣoṣo ló ń fún wọn ní iná, tó ń mú ilé móoru, tó tún ń yọ́ omi fún wọn. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó dára jù ní gbogbo ibùdó náà nìyí.

Àmọ́ ó ní ewu tiẹ̀. Bí ẹ̀rọ amúnáwá bá dákẹ́ pẹ́, iná lọ, ooru lọ, omi inú páìpù á dì. Ìdí nìyẹn tí apá kan ilé náà fi ní ẹ̀rọ amúnáwá tirẹ̀, tí gbogbo wọn lè sá sí. Ìdí nìyẹn náà tí kì í fi í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà òtútù. Mẹkáníìkì, púlọ́mbà, oníná, alásè, dókítà: àwọn ló gbé ibùdó náà ró. Gbogbo wọn ló jọ ń pín iṣẹ́ ìmọ́tótó ilé ṣe, wọ́n sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa pa iná bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, torí kò sí panápaná tí ẹnikẹ́ni máa ké sí.

Kí ni wọ́n wá ń wá lọ síbẹ̀ gan-an? Omi náà ni, àmọ́ àìsí rẹ̀. Òtútù ti mú kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ táútáú. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí omi nínú rẹ̀ rárá. Oruku omi inú afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń dí ìtànṣán tó ti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé wá lọ́wọ́, torí náà South Pole Telescope ń rí i kedere ju ti ọ̀pọ̀ ibi lọ. Nísàlẹ̀, IceCube fi omi gbígbóná lu ihò 86, tó jìn tó nǹkan bí 2,450 mítà, wọ́n sì so ẹ̀rọ 5,160 kọ́ sínú wọn láti máa ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ bíńtín tí neutrino máa ń fà bó bá kọlu yìnyín. Ní 2010 ni wọ́n parí iṣẹ́ náà. Èèyàn méjì péré ló máa ń dúró tì í nígbà òtútù. Bí kọ̀ǹpútà bá dákẹ́ lóru, àwọn ló máa wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù rìn lọ síbẹ̀ nínú òkùnkùn.

Kànga náà kì í wà títí. Ó máa ń jìn sí i lọ́dọọdún, bó bá sì ti jìn jù, wọ́n á gbẹ́ òmíràn, wọ́n á sọ ti àtijọ́ di ibi tí omi ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ. Àmọ́ ní 1995, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ju ẹ̀rọ kan sínú kànga tí wọ́n ń mu omi rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fa ohun tó sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde. Nínú ẹrẹ̀ náà, wọ́n rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró eruku tó ti ojú ọ̀run já bọ́ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí yìnyín bò mọ́lẹ̀, tí omi ìwẹ̀ àti omi ọbẹ̀ wọn wá yọ́ jáde.