Ọdún méjì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ Ògúndé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí a bá ń ka àwọn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti gbé ṣubú, tí wọ́n tún dìde gbọn eruku ara wọn nù, ó ṣòro kí a ka ẹni méjì kí a má ka olóògbé Olóyè Hubert Adédèjì Ògúndé, ògbóǹtarìgì nínú eré orí ìtàgé.

Àwọn àgbà tó gbọ́njú kí fíìmù tó gbòde kò ní gbàgbé bí ìlú ṣe máa ń rọ́ gìrìgìrì nígbà tí ọkọ̀ Ògúndé bá wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òde òní ni kò mọ̀ pé ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé ọkùnrin náà rí, tí ìjọba sì fòfin lé e kúrò ní ọjà rẹ̀.

Ọmọ bíbí ìlú Òsòsà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni. Ọdún 1916 ni wọ́n bí i. Ó ṣe iṣẹ́ tíṣà, kó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941. Ní 1944, ìjọ Aládúrà kan tó ń lọ ní Èkó ní kó bá àwọn ṣe eré tí wọ́n máa fi kó owó jọ. Gbọ̀ngàn Glover ni wọ́n ti ṣe é, ó sì dùn mọ́ èrò débi pé Ògúndé dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba tó ń mówó oṣù wálé ló fi sílẹ̀, tó lọ di iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń pè ní iṣẹ́ alágbe mú.

Ìṣòro àkọ́kọ́ kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá. Ó ń wá àwọn ọmọbìnrin tí yóò máa ṣeré, ó kéde nínú ìwé ìròyìn, ẹnikẹ́ni kò yọjú. Ló bá tún kéde pé akọ̀wé obìnrin lòun ń wá. Wọ́n wá o! Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òbí gbọ́ irú iṣẹ́ tó jẹ́, wọ́n fárígá. Nígbà tó yá, ó fẹ́ àwọn òṣèré rẹ̀ níyàwó. Èyí pa àwọn ẹlẹ́nu lẹ́nu mọ́, ó sì sọ ẹgbẹ́ náà di agboolé kan ṣoṣo. Bí ọjà bá ti kùtà, ìyá àti ọmọ ni ebi yóò jọ pa.

Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945, tí Michael Imoudu ṣe aṣáájú rẹ̀, Ògúndé gbé eré kan jáde lórí ìyà tó jẹ àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tó gbé e dé Jos ní 1946, àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú, wọ́n mú un, ilé ẹjọ́ sì ní kó san £125. Owó ńlá ni nígbà náà. Ní 1950, ó tún ṣe eré lórí àwọn òṣìṣẹ́ èédú 21 tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní November 1949. Wọ́n tún gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní ilẹ̀ Hausa.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn ún jù wá láti ọwọ́ àwọn ará ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1964, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, Olóyè S. L. Akíntọ́lá ló ń ṣe ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n bẹ Ògúndé níṣẹ́ eré fún ìfilọ́lẹ̀ Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin ní Ìbàdàn. Eré tó gbé wá ni Yorùbá Ronú, ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀. Akíntọ́lá fi ìbínú dìde kúrò níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù March ọdún náà, ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Oǹdó, Adó-Èkìtì: ibi tí àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀ pọ̀ sí jù ni wọ́n tì mọ́ ọn. Kódà kò gbọdọ̀ ṣeré ní Òsòsà tí wọ́n bí i sí.

Ògúndé kò tú ẹgbẹ́ rẹ̀ ká. Òfin náà kò dé Èkó, torí ìjọba àpapọ̀ ló ni ín nígbà náà. Lọ́dún náà gan-an ló fèsì padà pẹ̀lú eré mìíràn tó pè ní Òtítọ́ Korò. Ní February 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, mú òfin náà kúrò. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn, ayé ló yí padà. Ohun tí Ògúndé ṣe ni pé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà láàyè láti wọlé. Ní 1967, wọ́n ṣojú Nàìjíríà níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Montreal, nílẹ̀ Canada.

Ọ̀fọ̀ náà kò ṣàì kàn án. Ní 1970, ìjàǹbá ọkọ̀ pa Adéṣẹwà, ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n àti fíìmù sì bẹ̀rẹ̀ sí gba èrò lọ́wọ́ eré orí ìtàgé, ẹni tó ti lé ní 60 ọdún kò jókòó sílé ṣépè fún ayé. Òun náà wọ inú fíìmù: Aiyé jáde ní 1979, Jáíyésinmi ní 1980, Àròpin N'Tènìyàn ní 1982, Àyànmọ́ ní 1988.

Ní àwọn ọdún 1980 yìí náà ni ìjọba àpapọ̀ pè é pé kó wá kó ẹgbẹ́ òṣèré jọ fún orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ìjọba kan lé lóko, ìjọba mìíràn ló wá fi jẹ olórí oko. Ó kú ní London ní April 1990.

Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí jẹ́ fún àgbẹ̀ tí òjò dà láàmú, fún oníṣòwò tí iná jó ìsọ̀ rẹ̀, àti fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n yọ lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti ọjà kan mọ́ni, kí á wo èyí tí òfin kò dé. Bí ó bá sì di ọ̀ràn sùúrù, kí á má ṣe ta ọkọ́ kí òjò tó rọ̀.