Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Aláìlówáyà Lórí Linux

CUPS ni ètò tó ń darí iṣẹ́ ìtẹ̀wé lórí Linux. Michael Sweet bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1997. Apple ra kóòdù rẹ̀ ní 2007, òun náà ló sì ń tẹ̀wé lórí Mac.

Ní Abu Shagara, ní Sharjah, tí ọ̀pọ̀ àjòjì ti jọ ń gbé ilé kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan lè tó gbogbo ilé lò fún ẹ̀dà físà àti ìwé àdéhùn ilé. Ojú ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n ti ń so ó mọ́ Wi-Fi. Ibi tí wàhálà sábà máa ń wà nìyí: ọ̀pọ̀ ráútà máa ń ya Wi-Fi àlejò sọ́tọ̀, kọ̀ǹpútà tó bá sì wà níbẹ̀ kò ní rí ẹ̀rọ náà, bó ti wù kó sún mọ́ ọn tó.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó bá ní ìlànà AirPrint tàbí IPP Everywhere kò nílò dráífà. Avahi, ètò tó ń wá ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á wá a rí fúnra rẹ̀. Bí kò bá hàn, kí ẹni tó fẹ́ tẹ̀wé ṣí localhost:631, ojú ewé CUPS, nínú bíráósà, kó sì tẹ àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà sí i, bíi ipp://192.168.1.20/ipp/print. Ó dáa kí ráútà fi nọ́ńbà yẹn pamọ́ fún un, torí bó bá yí padà, iṣẹ́ á kàn tò jọ láìjáde ni.