Ológbò Ilé Àgbẹ̀ àti Àrùn tí ó ń Fara Pamọ́ sínú Ìgbẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó ìlú Ìdànrè, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo, kò sí ẹni tí ó lè kọ́ yín ní ìwúlò ológbò. Àwọn àgbà ti sọ pé àìsí nílé ológìnní, ilé á di ilé èkúté. Ẹni tí ó bá ti di kòkó gbígbẹ sínú àpò, tí ó sì wá bá ihò lára àpò náà kí ọjọ́ títà tó pé, mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ òtítọ́ tó. Nítorí náà, ìwé yìí kò wá láti sọ fún yín pé kí ẹ lé ológbò jáde. Ohun tí ó wá ṣàlàyé ni àrùn kan tí ológbò lè gbé wọ inú ilé, tí ó lè ba oyún inú obìnrin àti oyún inú ewúrẹ́ jẹ́, àti bí ẹ ti lè dí ọ̀nà mọ́ ọn láìpa ológbò, láìsì náwó púpọ̀.

Toxoplasma ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe kòkòrò tí ó ń fa àrùn náà. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ní ọdún 1908, Charles Nicolle àti Louis Manceaux rí i nínú ara ẹranko kékeré kan tí ó jọ eku, ní ìlú Tunis ní àríwá ilẹ̀ Áfíríkà. Síbẹ̀, ó gbà tó ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí a tó mọ ọ̀nà tí ó ń gbà kiri. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1970 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dájú pé inú ìfun ológbò àti àwọn ẹranko tí ó bá a tan nìkan ni kòkòrò náà ti ń yé ohun tí a lè pè ní ẹyin rẹ̀. Ewúrẹ́, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀, adìẹ, eku àti ènìyàn pàápàá lè ní in nínú ẹran ara wọn, ṣùgbọ́n kì í bá ìgbẹ́ wọn jáde.

Ológbò a máa kó o nígbà tí ó bá jẹ eku tàbí ẹran tútù tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹyin náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí, ara ológbò náà a ti mọ àrùn náà, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó tún yé ẹyin bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Kì í ṣe ògbólógbòó ológbò tí ó ti ń pa eku nínú ilé yín láti ọdún mẹ́rin ni ó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ jù, bí kò ṣe ọmọ ológbò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọdẹ. Ohun ìyanu kan tún wà níbẹ̀: ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Oxford fi hàn pé eku tí kòkòrò yìí bá wà lára rẹ̀ kì í sá fún òórùn ológbò bí eku yòókù ti ń sá. Kòkòrò náà ń fa eku lọ sí ẹnu ẹni tí yóò pa á jẹ, kí òun lè rí ibi yé ẹyin sí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìgbẹ́ ológbò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà kò tíì lè ran ènìyàn. Ẹyin inú rẹ̀ nílò ọjọ́ kan sí márùn-ún nínú afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin kí ó tó gbó. Bí ó bá ti gbó tán, ó lè wà láàyè nínú ilẹ̀ tútù fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ. Irú ilẹ̀ tí ó fẹ́ gan-an ni ilẹ̀ abẹ́ igi kòkó, tí òjìji bò, tí ewé sì ń jẹrà sí. Òjò tí ó bá sì ṣàn láti orí àwọn àpáta Ìdànrè wá sí ìsàlẹ̀ lè gbé e wọ odò àti kànga. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé omi kò lè gbé e: ní ọdún 1995, ní ìlú Victoria ní ilẹ̀ Kánádà, ènìyàn 100 ni a mọ̀ pé àrùn náà mú, omi ẹ̀rọ ìlú ni a sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé.

Ọ̀nà tí ó ń gbà dé ẹnu wa kò ju mélòó kan lọ: ọwọ́ tí ó ti kan ilẹ̀ tí a kò fọ̀ kí a tó jẹun, ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé tí a kò ṣàn dáadáa, omi tí a kò sè, àti ẹran tí kò jinná. Fífi ọwọ́ pa ológbò lára kọ́ ni olórí ewu rẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí ó kó o kì í mọ̀ rárá. Ibà díẹ̀ lè ṣe wọ́n, kókó lè yọ sí wọn lọ́rùn, a ó sì tọ́jú rẹ̀ bí ibà lásán. Ewu rẹ̀ ńlá ni bí obìnrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbà tí ó wà nínú oyún, nítorí pé yóò lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀. Oyún náà lè bàjẹ́, ọmọ náà lè kú kí a tó bí i, tàbí kí omi kún inú orí rẹ̀. Ẹlòmíràn a sì yè, ara rẹ̀ a dá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú nígbà tí ó bá dàgbà. Ní ọdún 1992, Onadeko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn aboyún ìlú Ìbàdàn. Nínú ẹ̀jẹ̀ èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ, wọ́n rí àmì pé wọ́n ti bá kòkòrò yìí pàdé rí. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ohun àjèjì láàrin wa. Ẹni tí ó ti bá a pàdé ṣáájú oyún kò ní ìdí láti bẹ̀rù púpọ̀; àwọn tí kò tíì bá a pàdé ni ó yẹ kí á dáàbò bò.

A kò sọ pé gbogbo oyún tí ó bá bàjẹ́ ni ti àrùn yìí o. Ibà ẹ̀fọn àti àwọn àìsàn mìíràn ń ṣe iṣẹ́ ibi tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí oyún bá bàjẹ́ nínú ilé tí ológbò wà, tí ẹnu àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ológbò ní ẹran àjẹ́, tàbí tí wọ́n ń wo ìyá ọkọ ní ìwòkuwò, ó sàn kí á gbé obìnrin náà lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ju kí á dá ìjà sílẹ̀ nínú ìdílé. Ẹni tí àrùn HIV ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára gbọ́dọ̀ ṣọ́ra pẹ̀lú, nítorí pé kòkòrò tí ó ti ń sùn nínú ara rẹ̀ lè jí, kí ó sì kọlu ọpọlọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ewúrẹ́ àti àgùntàn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ológbò bá yàgbẹ́ sínú oúnjẹ wọn, èyí tí ó lóyún nínú wọn lè sọ oyún rẹ̀ nù tàbí kí ó bí òkú ọmọ. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán kó òkú ọmọ náà àti ibi rẹ̀. Ẹ fi àpò ọ̀rá bọ ọwọ́, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀. Kí aboyún má ṣe fi ọwọ́ kàn án rárá.

Iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ nínú ìdènà rẹ̀ ni kíkó ìgbẹ́ ológbò lójoojúmọ́, kí ẹyin inú rẹ̀ tó gbó. Ẹ wá àpótí àtijọ́ kan, ẹ da eérú tàbí yanrìn sí i, kí ẹ gbé e sí igun kan nínú ilé kòkó. Ológbò fẹ́ràn ibi tí ó lè fi ẹsẹ̀ wa, kò sì ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Kí ọkùnrin tàbí ẹni tí kò lóyún máa kó o ní àràárọ̀, kí ó dà á sínú ṣáláńgá, kí ó sì máa fi omi híhó ṣan àpótí náà. Oògùn apakòkòrò tí a ń dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò ràn án. Omi híhó ni ó ń pa á. Òkìtì yanrìn tí ẹ kó jọ fún ilé kíkọ́, tí àwọn ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀, ẹ fi tapólì bò ó ní alẹ́. Kòkó tí ẹ sá sórí ẹní náà, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ láìbò mọ́jú. Ẹ fi ìdérí sí kànga. Ẹ má ṣe ju ìfun ẹran tútù sí ológbò. Ẹ bọ̀ ọ́ fún un. Kí ìyàwó ilé má ṣe tọ́ ẹran wò kí ó tó jinná, kí ẹ sì dá súyà tí inú rẹ̀ ṣì pupa padà fún ẹni tí ń tà á.

Ìmọ́tótó yìí kan náà ni yóò dín àràn ológbò kù. Ọ̀kan nínú wọn a máa gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé láti inú ilẹ̀ tútù, a sì máa fa ìlà tí ń yún ènìyàn kiri lábẹ́ awọ; òmíràn a máa gba ẹnu ọmọ tí ń jẹ erùpẹ̀ wọlé, ó sì lè dé ẹ̀dọ̀ tàbí ojú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé máa wọ bàtà, kí ẹ sì béèrè oògùn àràn fún ológbò lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn ẹran.

Obìnrin tí ó bá ti mọ̀ pé òun lóyún, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì ibi ìtọ́jú aboyún pé ológbò wà nínú ilé òun. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn bóyá ó ti bá àrùn náà pàdé rí, oògùn sì wà fún ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o. Bí ẹ bá sì ń gbèrò láti mú ọmọ ológbò tuntun wá sí irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín títí di ìgbà tí obìnrin náà bá bímọ.