Owó Ìpolongo Ìbò: Ta Ló Lè Dá A ní Amẹ́ríkà?

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ti òṣèlú náà kò yàtọ̀: ẹni tó bá ń polongo ìbò nílò owó. Àmọ́ owó ta ni òfin gbà kó gbà? Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ọmọ wa ní Greenspoint, ní àríwá Houston, nítòsí pápákọ̀ òfurufú George Bush.

Ní ọdún 1974, Lloyd Bentsen, sẹ́nétọ̀ láti Texas níbí, ló dábàá pé kí wọ́n fòfin de owó àwọn àjèjì nínú ìbò Amẹ́ríkà. Òfin náà ò mọ sórí ipò ààrẹ o. Ó kan ipò gómìnà, ó sì kan ti méyọ̀ Houston pẹ̀lú.

Ta wá ni àjèjì? Ẹ jẹ́ ká wo ìdílé kan. Bàbá ti di ọmọ Amẹ́ríkà: ó lè dìbò, ó lè dáwó. Màmá ní green card: ó lè dáwó ara rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá dìbò, ó lè bá ara rẹ̀ nílé ẹjọ́, wọ́n sì lè dá a padà sílé. Àbúrò bàbá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé: kò gbọdọ̀ dá kọ́bọ̀. Ó kàn lè bá wọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, bíi kó máa kanlẹ̀kùn kiri.

Tí àbúrò yìí bá wá fún bàbá lówó pé kó bá òun dá a ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Gilbert Chagoury, olówó tí wọ́n bí sí Èkó, ṣe irú rẹ̀. Láàárín 2012 sí 2016, nǹkan bíi 180,000 dọ́là rẹ̀ gba ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà dé ọ̀dọ̀ olùdíje mẹ́rin. Ní 2021, ìjọba kéde pé ó ti jẹ́wọ́, ó sì ti san mílíọ̀nù 1.8 dọ́là.

Nàìjíríà náà ní òfin tirẹ̀. Abala 225 nínú òfin ọdún 1999 sọ pé bí ẹgbẹ́ òṣèlú bá gba owó láti òkè òkun, kó gbé e fún INEC láàárín ọjọ́ 21. Owó tí a bá dá ní Greenspoint fún ẹgbẹ́ òṣèlú nílé náà wà lábẹ́ òfin yìí.

Nítorí náà, kí ẹ tó dáwó, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ta ló ni owó yìí gan-an, irú ìwé wo ló sì ní?